Àtúnṣe ètò rìsíìtì ilé òfì: ìkéde orí fáìlì àti báìtì tí ó wà nínú rẹ̀

Iṣẹ́ tí mo ń kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ yìí ni àtúnṣe ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tí ó ń tẹ rìsíìtì fún ilé òfì ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó wà lẹ́yìn Ọjà Ọba ní Ìlọrin. Àbúrò mi ni ó kọ ètò náà ní èdè Python nígbà tí ó ṣì wà nílé, orí kọ̀ǹpútà Linux àtijọ́ kan tí ó ní Python 2.7 ni ó sì ti kọ ọ́. Fáìlì mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: risiti.py, tí ó ń ṣe ìṣirò tí ó sì ń tẹ ìwé jáde, oja.py, tí orúkọ ọjà àti iye owó wọn wà nínú rẹ̀, àti onibaara.csv, tí ó ní orúkọ àwọn oníbàárà àti ìlú tí wọ́n ti wá. Ó ti tó oṣù méjì tí ètò náà ti kọ̀ tí kò ṣí mọ́, Bàbá sì ti padà sí fífi ọwọ́ kọ rìsíìtì. Wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà Windows tuntun, wọ́n sì ní kí n gbé ètò náà sórí rẹ̀, kí orúkọ ọjà àti ti ìlú máa jáde pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ wọn ní pípé.

Àmì wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń ta ẹtù. Ẹni tí ó bá kọ “etu” sórí rìsíìtì kò tíì sọ bóyá aṣọ ni òun tà, tàbí ẹ̀tù ìbọn, tàbí ẹtu inú igbó. Bàbá kì í fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n bá kọ báyẹn.

Àtìní

Risiti.py ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ó dùn mí pé kò sí àmì kan ṣoṣo lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó wà níbẹ̀: “Oruko onibaara”, “Iye owo ti e san”, “E se pupo”. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí oja.py, àmì wà níbẹ̀. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù láti béèrè ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi àmì sí i níbẹ̀rẹ̀,” ni ó wí. “Ẹ̀rọ ni kò gbà. Mo kọ ìlà coding náà sí i, síbẹ̀ kò gbà, ni mo bá yọ gbogbo àmì kúrò.”

Mo wo òkè fáìlì náà, mo sì rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀:

#!/usr/bin/env python
# Eto risiti ile ofi
# Ilorin
# -*- coding: utf-8 -*-

Encoding ni ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé láti mọ lẹ́tà tí báìtì kọ̀ọ̀kan (nọ́ńbà kékeré, láti 0 dé 255, tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nǹkan), tàbí àkójọ báìtì kan, dúró fún. Python 2 gbà pé ASCII ni gbogbo fáìlì ètò, àyàfi tí fáìlì náà bá sọ ohun mìíràn nípa ara rẹ̀; ASCII kò sì ju àmì 128 lọ, kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú wọn. UTF-8, tí ìkéde àbúrò mi dárúkọ, ni encoding tí ó ní gbogbo wọn. Bí fáìlì ṣe lè sọ ohun mìíràn nípa ara rẹ̀ wà nínú ìwé òfin tí wọ́n ń pè ní PEP 263, tí Marc-André Lemburg àti Martin von Löwis kọ ní ọdún 2001, tí ó sì di ara Python ní ẹ̀dà 2.3 ní ọdún 2003. Òfin náà sọ pé ìkéde gbọ́dọ̀ wà ní ìlà kìíní tàbí ìlà kejì. Ìdí rẹ̀ hàn sí ẹni tí ó bá rò ó: ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe ka fáìlì kí ó tó kà á, nítorí náà òkè pátápátá ni ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ wà; ìlà kejì sì wà fún fáìlì tí ìlà kìíní rẹ̀ ti jẹ́ ti #!, èyí tí Linux ń lò láti mọ ẹ̀rọ tí yóò ṣe iṣẹ́ náà. Ìlà kẹrin kò sí nínú àdéhùn. Ìkéde tí àbúrò mi kọ síbẹ̀ dà bí àkíyèsí lásán lójú Python, ó sì ré e kọjá.

Mo bi í léèrè pé ibo ni ó kọ ti oja.py sí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Òkè pátápátá ni. Kò sí nǹkan kan lórí ìyẹn.” Ohun tí ó ya fáìlì méjèèjì sọ́tọ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò burú rárá. Ìlà méjì tí ó fi dárúkọ ètò náà àti ìlú wa ni ó ti ìkéde kúrò ní ààyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ sọ fún un nígbà náà, “but no encoding declared”, gan-an ni òótọ́, bí ó tilẹ̀ ń rí ìkéde náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Mo gbé ìkéde náà lọ sí ìlà kejì, mo sì dá gbogbo àmì padà sórí ọ̀rọ̀ inú fáìlì náà. Àmì -*- tí ó yí ìkéde náà ká kò pọn dandan. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi Emacs, ẹ̀rọ ìkọ̀wé kan, kọ̀wé ni ó ti wá. Ohun tí Python ń wá nínú àkíyèsí náà kò ju ọ̀rọ̀ coding lọ, kí àmì : tàbí àmì = tẹ̀ lé e, kí orúkọ encoding sì tẹ̀ lé ìyẹn. “# coding: utf-8” tó. Lórí Python 3, tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, ìkéde yìí kò tilẹ̀ pọn dandan fún UTF-8 mọ́, nítorí òun ni Python 3 gbà pé fáìlì ètò jẹ́ bí fáìlì kò bá sọ nǹkan kan. Mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀ nítorí pé a kò tíì ju kọ̀ǹpútà Linux àtijọ́ náà nù.

Àtàláátà

Oja.py ni ó jẹ́ kí ètò náà kọ̀ láti oṣù méjì sẹ́yìn, ó sì yà mí lẹ́nu, nítorí ìkéde rẹ̀ wà ní ìlà kìíní, kò sì sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí Python 3.12 sọ nìyí:

SyntaxError: (unicode error) 'utf-8' codec can't decode byte 0xe8

Mo fi xxd, ètò tí ó ń fi àmì méjì kọ báìtì kọ̀ọ̀kan jáde, wo báìtì fáìlì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí “gèlè” wà, 67 e8 6c e8 ni mo rí. Bí ó bá jẹ́ UTF-8 ni, 67 c3 a8 6c c3 a8 ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, nítorí báìtì méjì ni è máa ń gbà nínú UTF-8. Báìtì kan péré, e8, jẹ́ è nínú Windows-1252, encoding àtijọ́ kan ti Windows. Fáìlì náà ń pe ara rẹ̀ ní UTF-8, kò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé nígbà tí owó òwú gun òkè, òun gbé fáìlì náà lọ sí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan láti yí iye owó padà, pé nígbà tí òun fẹ́ fi í pamọ́, ìkìlọ̀ kan jáde, òun sì tẹ OK. Notepad ni ó fi ṣí i. Títí di ọdún 2019, ANSI ni Notepad máa ń fi fáìlì tuntun pamọ́ sí bí ènìyàn kò bá yan ohun mìíràn, Windows-1252 sì ni ANSI lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń lò níbí. Ẹ̀dà Windows 10 tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1903 ni ó yí èyí padà sí UTF-8. N kò rí ẹ̀bi ọmọ iṣẹ́ náà. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ìkìlọ̀ náà ń sọ pé lẹ́tà fẹ́ sọnù.

Ibí yìí ni ọkàn gbogbo iṣẹ́ náà wà, mo sì fẹ́ kí àbúrò mi kà á dáadáa. Ìkéde orí fáìlì kò yí báìtì kan padà. Bí a bá so ìwé tí a kọ “sányán” sí mọ́ ìdì òwú, òwú náà kò ní di sányán. Ẹni tí ó bá gba ìwé náà gbọ́, tí ó sì san owó sányán, ni yóò mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí ń fi fáìlì pamọ́ ni ó ń pinnu báìtì tí yóò wà nínú rẹ̀. Ìkéde kàn ń jẹ́rìí sí i fún ẹni tí ń bọ̀ wá kà á ni, ẹ̀rí náà sì lè jẹ́ òótọ́ lónìí kí ó di irọ́ lọ́la láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Mo dán an wò: mo yí ìkéde náà sí cp1252, orúkọ tí Python ń pe Windows-1252, fáìlì sì ṣí láìjiyàn. “Gèlè”, “fìlà”, “bùbá” àti “agbádá” jáde bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ẹtù ti di “?tù”, ṣòkòtò ti di “?òkòtò”, aṣọ òfì ti di “a?? òfì”, àmì náírà iwájú gbogbo iye owó sì ti di àmì ìbéèrè. Báìtì kan fún àmì kan ni Windows-1252 ń lò, nítorí náà ààyè inú rẹ̀ kò lè ju 256 lọ, a kò sì fi ẹ, ọ, ṣ tàbí ₦ sí èyíkéyìí nínú wọn. Àmì ìbéèrè gidi, báìtì 3f, ni ó wà nínú fáìlì náà báyìí. Kò sí ìkéde tí ó lè fi í han bí ẹ mọ́. Mo yí ohun tí ó kù padà sí UTF-8 pẹ̀lú àṣẹ yìí:

iconv -f WINDOWS-1252 -t UTF-8 oja.py > oja_tuntun.py

Lẹ́yìn náà ni mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ìdí òfì, mo jókòó ti Bàbá, a sì ń tún orúkọ ọjà kọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a dé “?tù”, mo ní, “Bàbá, ẹ dákun, ṣé ẹtù ni kí n kọ síbí?” Wọn kò dáhùn. Wọ́n na ọwọ́ sí aṣọ tí ó wà lórí okùn, tí ó dúdú nínú aró tí ìlà tín-ín-rín sì là á kọjá, wọ́n ní, “Wo ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù lára rẹ̀. Kí ni ìwọ ìbá tún pè é?” Wọ́n ní kí n kọ ọ́, kí n sì kà á sókè fún àwọn ní ohùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe títí tí a fi parí gbogbo rẹ̀, ó sì gbà wá títí di ìgbà tí wọ́n pe ìrun Àsárì.

Àlàrùbá

Mo gbé fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí kọ̀ǹpútà Windows. Risiti.py àti oja.py ṣí láìsí wàhálà. Onibaara.csv ni ó dá mi dúró, òun sì ni ó gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ mi.

Fáìlì CSV, tí ó jẹ́ àtẹ ọ̀rọ̀ lásán, kò ní ibi tí ó lè kéde ara rẹ̀ sí bí fáìlì ètò ti ní. Ẹni tí ó bá ṣí i ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀. Lórí Windows, bí ètò Python 3.12 bá kọ open("onibaara.csv") láìsọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, encoding tí kọ̀ǹpútà ń lò fún agbègbè rẹ̀ ni yóò lò, cp1252 sì ni lórí tiwa. Lórí Linux, UTF-8 ni ó sábà máa ń jẹ́; Python 2.7 ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ sì kàn ń gba báìtì wọlé bí wọ́n ṣe wà, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe yìí kò fi hàn láti ọjọ́ yìí wá. Ìkéde orí risiti.py kò ran fáìlì tí risiti.py ń ṣí lọ́wọ́ rárá. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sínú ètò náà fúnra rẹ̀ nìkan ni ó kàn.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé rìsíìtì àwọn oníbàárà kan ń jáde, ti àwọn mìíràn kò sì jáde. Mo kó orúkọ ìlú sínú fáìlì kéékèèké, ọ̀kan fún ìlú kan, mo sì ní kí Python ṣí wọn. Ọ̀fà wọlé, ó sì jáde bí “á»ŒÌ€fÃ ”. Òmù-Àrán wọlé, ó jáde bí “Ã’mÃ¹-Ã€rÃ¡n”. Ìlọrin kò wọlé rárá:

UnicodeDecodeError: 'charmap' codec can't decode byte 0x8d in position 5: character maps to <undefined>

Mo mú bébà, mo sì kọ báìtì wọn sílẹ̀. Nínú UTF-8, e1 bb 8c ni Ọ ńlá, e1 bb 8d sì ni ọ kékeré. Cp1252 ní lẹ́tà kan fún 8c, èyí tí í ṣe Œ, ṣùgbọ́n ààyè 8d ṣófo nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni 81, 8f, 90 àti 9d. Ọ ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ Ọ̀fà rí ẹni gbà á wọlé, a kàn fún un ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ kékeré tí ó wà láàárín Ìlọrin kò rí ẹni gbà á. Àjàṣẹ́-Ìpo pẹ̀lú kò wọlé, nítorí àmì òkè tí ó wà lórí ẹ́. Kò sí ẹ́ kan ṣoṣo tí ó dá dúró nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà gbogbo èdè tí UTF-8 ń sọ di báìtì. Ẹ ni, tí àmì òkè U+0301 tẹ̀ lé, báìtì cc 81 sì ni àmì náà. Á kékeré kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé òun dá dúró gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan.

Mo kọ èyí sílẹ̀ kúnnákúnná nítorí ó ṣàlàyé ohun tí àwọn tí ń kọ ètò ní èdè wa máa ń rí tí wọn kì í lóye: pé orúkọ kan kọjá, èkejì sì fọ́. Èyí tí ó fọ́ ni ó ṣe wá lóore. Ti Ọ̀fà ni ó léwu, nítorí pé bí kò bá sí ìlú tí orúkọ rẹ̀ ní ọ kékeré nínú fáìlì náà, ètò ìbá máa ṣiṣẹ́ lọ, “á»ŒÌ€fÃ ” ìbá sì máa jáde sórí rìsíìtì níbi tí Ọ̀fà yẹ kí ó wà.

Àtúnṣe rẹ̀ kúrú: open("onibaara.csv", encoding="utf-8"), ní gbogbo ibi tí ètò ti ń ṣí fáìlì, yálà láti kà á ni o tàbí láti kọ ọ́. Láti rí i pé n kò gbàgbé ibì kankan, mo fi python -X warn_default_encoding ṣí ètò náà. Láti ẹ̀dà 3.10 ni Python ti ń ṣe ìkìlọ̀ yìí fún ẹni tí ó bá béèrè fún un. Ibi mẹ́ta ni ó tọ́ka sí, mo sì ti rò pé méjì péré ni.

Àbúrò mi tún pè ní alẹ́ láti sọ pé òun rí àbá kan pé kí a fi latin-1, encoding mìíràn, sí i, pé gbogbo àṣìṣe á dákẹ́. Lóòótọ́ ni wọ́n á dákẹ́. Latin-1 ní ìtumọ̀ fún gbogbo báìtì 256, nítorí náà kò sí ohun tí kò ní gbà wọlé. Mo ní kí ó ka ẹtù pẹ̀lú latin-1, kí ó sì fi len wo iye lẹ́tà rẹ̀. Ó rí mẹ́fà. Ẹtù jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta. Kò tún sọ ọ̀rọ̀ latin-1 mọ́.

Àlàmísì

Ọ̀fà fara hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìlú, ọ̀nà kan náà ni méjèèjì sì gbà rí lójú. Ọ̀kan jẹ́ Ọ tí àmì ohùn ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé. Èkejì, tí wọ́n ti orí fóònù kọ wá, jẹ́ Ò tí àmì abẹ́ lẹ́tà tẹ̀ lé. UTF-8 tó tọ́ ni àwọn méjèèjì, Python sì sọ pé wọn kò dọ́gba. Mo fi unicodedata.normalize("NFC", …) sí ẹnu ọ̀nà tí orúkọ ń gbà wọlé, wọ́n sì di ọ̀kan.

Òpó iye owó náà kò tò dáadáa lórí rìsíìtì. Ọ̀já jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta lójú wa, ṣùgbọ́n Python ka mẹ́rin, nítorí pé ó ka àmì ohùn orí Ọ̀ lọ́tọ̀. Mo yọ àwọn àmì tí unicodedata.combining bá tọ́ka sí kúrò nínú ìṣirò náà, òpó sì gún.

Rìsíìtì ń jáde gẹ́gẹ́ bí ojú ìwé HTML tí a ń tẹ̀ láti inú bùráwúsà. Mo kọ <meta charset="utf-8"> sí abẹ́ <head> gan-an, ṣáájú àkọlé, nítorí òfin HTML sọ pé ìkéde náà gbọ́dọ̀ wà pátápátá láàárín báìtì 1024 àkọ́kọ́. Òfin yìí àti ti Python jọ bí ìbejì. Fún ẹ̀dà CSV tí akọ̀wé owó ń fi Excel ṣí, utf-8-sig ni mo lò, èyí tí ó ń fi báìtì ef bb bf sí ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì kí Excel lè mọ̀ pé UTF-8 ni. N kò jẹ́ kí báìtì mẹ́ta wọ̀nyí dé orí risiti.py, nítorí Linux kò ní dá #! mọ̀ bí ohunkóhun bá ṣáájú rẹ̀.

Jímọ̀

Iṣẹ́ kò pọ̀, a ti ilé iṣẹ́ kí a tó lọ kírun. Mo fi fáìlì .editorconfig sínú àpò iṣẹ́ náà, mo kọ charset = utf-8 sínú rẹ̀, mo sì fi ẹ̀rọ ìkọ̀wé tí ó ń bọ̀wọ̀ fún un sórí kọ̀ǹpútà. Mo fi han ọmọ iṣẹ́ tí ó máa ń yí iye owó padà ibi tí orúkọ encoding ti ń hàn ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ó sì fúnra rẹ̀ yí iye owó fìlà padà, ó fi í pamọ́, ó tún un ṣí.

Àbámẹ́ta

Oníbàárà kan wá láti Òmù-Àrán, ó ra ẹtù méjì àti gèlè kan. A tẹ rìsíìtì rẹ̀. Bàbá gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, wọ́n fi ìka tẹ̀ lé orúkọ ìlú, wọ́n fi tẹ̀ lé ẹtù, wọ́n sì wo abẹ́ ẹ bóyá àmì náà wà níbẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Orúkọ oníbàárà méjì ṣì wà nínú onibaara.csv tí àbúrò mi kọ láìsí àmì láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀nà méjì ni a sì lè gbà ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bàbá ní kí n má ṣe fi àmì kankan sí wọn títí tí àwọn tí ó ni orúkọ náà yóò fi tún wá ra aṣọ, kí n lè gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.